Ọkọ Tó Ń Fi "Ẹ" Pè Mí

Mo ń fún nápì ọmọ lẹ́yìn ilé ní Ìsọlọ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wọlé dé.

"Inú rẹ dùn báyìí? Wẹ́fíà ìjọba tó o lọ fẹjọ́ sùn ti ránṣẹ́ pe àbúrò mi. Ó ní òun á yọjú lọ́la." Ó wo bùbá mi tí omi ọmú ti rin mọ́ mi láyà. "Kí ló tiẹ̀ fi ṣe ọ́? Ṣé ó nà ọ́ ni?"

Kò nà mí rí. Kò sì fi ebi pa mí. Ayé owó epo nìyẹn, ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà ti fi kún owó rẹ̀, ó ti ra rédíò tó ga tó àyà mi. "Ẹ" ló fi ń pè mí.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ló bẹ̀rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi, ó ní, "Ẹ kú ewu ọmọ, Mà." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó di, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sọ́hùn-ún, òórùn omi ọmú yín ti pọ̀ jù." Bí inú bá bí i, ẹ náà ni: "Ẹ ò gbọ́n." Àwọn ará ilé ń yìn ín pé ó mọ ọ̀wọ̀.

Ní wẹ́fíà l'Óṣòdì, ìyá kan tó wọ gíláàsì ló jókòó tì wá.

"Ìyàwó, kí ni ẹ̀sùn rẹ?"

"Mà, ó ń fi 'ẹ' pè mí."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ sí i! Ẹgbẹ́ rẹ ń jẹ ìgbájú, ìwọ ń jẹ ọ̀wọ̀, o ní kò dùn!"

Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ọkọ mi. "Kí ló dé?"

"Mà, ó ti di ìyá. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ìyá tó bí mi ni mò ń rántí. Ta ló ń sọ 'ìwọ' sí ìyá?"

"Kì í ṣe òun ló bí ọ. Wo ojú rẹ̀, kó o sọ fún un pé o fẹ́ràn rẹ̀, bó o ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀."

Mo gbá ọmọ mọ́ra. Nítorí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ni mo ṣe wá. Bó bá lè jáde lẹ́nu rẹ̀, mo ṣì ní ọkọ.

Ó nu iwájú orí rẹ̀. Ó wò mí.

"Mo fẹ́ràn yín."

"Ó ti sọ ọ́!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Kí ló tún kù?"

Bí a ṣe sọdá rélùwéè, ó rí ọmọge kan tó ń bó ọsàn. "Arẹwà, bó kan fún mi, jàre. Ṣé ìwọ náà dùn tó ọsàn rẹ?" Ọmọge náà ṣíjú wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wá yíjú sí mi: "Ẹ ó mu nínú ẹ̀?"

Mo mi orí.

Nígbà tí ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ń kọ́ ọ: "Sọ pé, ẹ káàárọ̀, Mà." Mo gbé e wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, 'ẹ' ni kó o fi kí i. Gbogbo àgbà, 'ẹ' ni. Àmọ́ bó bá ku èmi àtìwọ, 'o' ni kó o máa fi pè mí. Wọ́n á ní mi ò kọ́ ọ. Má dá wọn lóhùn. Ó yẹ kí ẹnì kan wà nínú ilé yìí tó mọ̀ pé ẹyọ ẹnì kan ni mí."