Olùkọ́ Tó Já Sínú Kòtò Epo

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo parí ìwé mi ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin l'Ékòó, tí mo padà sí Ọ̀tà. Ayé òyìnbó ni. Mo ní bàtà onígìgísẹ̀, mo ní àkẹtẹ̀, mo sì gbà pé Ọlọ́run ti ń dúró dè mí. Láràárọ̀ ni mò ń gbàdúrà pé kó lò mí. Ká sọ òtítọ́, n kò bẹ̀ ẹ́. Mò ń rán an létí ni.

Kátíkíìsì ìjọ wa, bàbá arúgbó kan tí kì í yára sọ̀rọ̀, ní kí n máa kọ́ àwọn obìnrin ní ìwé, kí wọ́n lè máa ka Bíbélì fúnra wọn. Inú mi dùn, àfi pé mo rò pé iṣẹ́ náà kéré fún mi díẹ̀.

Obìnrin mẹ́sàn-án ló wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá Ìjọ ló ṣáájú wọn, opó kan tó ń fún epo pupa tà. Mo ní kó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo ọmọ, àna àti ẹran ọ̀sìn àdúgbò fún Ọlọ́run. Nígbà tó dórí ewúrẹ́ kejì, mo ní, "Ìyá, ó tó. Ọlọ́run kì í ṣe adití." Ó ṣe àmín, ó jókòó. Mo wá fi odidi wákàtí kan tún ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ṣe, torí ẹnu Ọ̀tà wọn ò wù mí í gbọ́ mọ́. Ẹnu Ọ̀tà yẹn náà ni ìyá mi fi tọ́ mi dàgbà.

Lọ́sẹ̀ kejì, ẹni mẹ́ta ló wá. Lọ́sẹ̀ kẹta, èmi àti pátákó ìkọ̀wé nìkan la jọ ń wo ara wa.

Mo lọ fẹjọ́ wọn sun kátíkíìsì. Iṣu sísun ló ń jẹ. Mo sọ fún un pé aláìmọ̀kan ni àwọn obìnrin yẹn, pé Ìyá Ìjọ ló ń kó wọn sẹ́yìn. Ó jẹ iṣu rẹ̀ tán, ó nu ọwọ́, ó ní, "Wọ́n wà nídìí epo. Lọ bá wọn níbẹ̀."

Apá Ṣàngó ní Ọ̀tà tí ilé-iṣẹ́ kún lónìí, igbó ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀ nígbà náà. Mo wọ aṣọ funfun, mo dé àkẹtẹ̀, mo gbé Bíbélì, ó di inú igbó. Mo bá wọn nínú kòtò tí wọ́n fi amọ̀ rẹ́, wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ ẹyìn tí wọ́n ti sè. Mo dúró létí kòtò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tí Olúwa ti wẹ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

Ìyá Ìjọ ní ohùn mi ò dé ọ̀dọ̀ wọn, kí n sún mọ́ ọn. Mo sún. Gìgísẹ̀ bàtà mi tẹ èérún ẹyìn tí epo ti mu. Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo ti jókòó sínú epo dé ìbàdí, Bíbélì wà lókè lọ́wọ́ mi, àkẹtẹ̀ mi ń léfòó lọ.

Obìnrin Mùsùlùmí kan tó wá ra epo ló kọ́kọ́ wí pé, "Sùbùháná," kó tó bú sẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín ṣe gba gbogbo igbó nìyẹn. Èmi ń sunkún ní tèmi.

Bíbélì ni Ìyá Ìjọ kọ́kọ́ yọ nínú ewu. Ó gbé e fún oníbàárà rẹ̀, ìyẹn sì fi ìborùn gbà á. Lẹ́yìn náà ló wá fà mí dìde, ó bọ́ bàtà mi, ó jù ú sétí kòtò. Ó ní, "Ọmọ mi, o kúkú ti wọlé. Bá wa tẹ̀ ẹ́."

Mo bá wọn tẹ̀ ẹ́ títí oòrùn fi yí, èkùrọ́ ń gún mi lẹ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnìkan béèrè ohun tí mò ń kà lẹ́ẹ̀kan. Ìwé ò sí lọ́wọ́ mi, mi ò sì lókun àti máa fi ẹnu ìwé sọ̀rọ̀ mọ́, ni mo bá fi ẹnu Ọ̀tà sọ ìtàn náà. Wọ́n fetí sílẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, àti bóyá Olúwa wẹ ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ dà á náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ìyá Ìjọ dẹ́sẹ̀ dúró. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ìyẹn ni ì bá nira fún mi jù."

Pẹ̀lú gbogbo ìwé mi, n kò rò ó débẹ̀ rí.

Nígbà tí a jáde, ó bu omi, ó fi ọṣẹ dúdú gbo ẹsẹ̀ mi. Mo fẹ́ fà á gbà nítorí àgbà ni, ó dì í mú. Ojú tì mí ju ìgbà tí mo já sínú kòtò lọ. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo tọrọ àforíjì nítorí àdúrà tí mo gé mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní kò séwu, ewúrẹ́ kejì náà ti bímọ.

Láti ọjọ́ náà, ìdí epo la ti ń kàwé. Bí mo bá ní ìgbéraga mi kú tán níbẹ̀, irọ́ ni. Ó kàn ń tiro ni. Aṣọ mi ò funfun mọ́ láé. Ṣùgbọ́n kí ìkórè tó dé, ẹni márùn-ún ti ń kàwé geere. Ojú Ìyá Ìjọ ti ń ṣe bàìbàì, kò lè dá lẹ́tà mọ̀, síbẹ̀ ó ní òun náà fẹ́ ka sáàmù níwájú ìjọ. Lọ́jọ́ ìkórè, ó dìde, ó ṣí Bíbélì, ó dorí ìwé náà kodò, ó sì ka sáàmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìṣi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Kátíkíìsì yíjú sí mi. Mo wo iwájú, mo sì ṣe àmín.