Ìwé Ẹ̀hónú Tí Mo Fa Ìlà Sí

Ìlà ni mo ń fà ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì yẹn nígbà tí Àńkù Délé wọlé wá bá mi. Ìwé tí àwa olùkọ́ fi ń fọwọ́ sí ìwọlé àti ìjáde wa ló wà níwájú mi, pẹ̀lú rúlà onígi àti báírò pupa. Orúkọ ní apá òsì, ìwọlé láàárín, ìjáde ní apá ọ̀tún. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń fa ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ sílẹ̀, nítorí pé ìlà mi kì í wọ́. Ó ti tó ọdún méjì nígbà náà tí wọ́n ti ṣí ilé-ìwé padà lẹ́yìn àrùn kòrónà. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Bódìjà ni. Kíláàsì kejì alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ń kọ́, ọdún kọkànlá mi níbẹ̀ sì nìyẹn.

Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ni ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lónìí. Àwọn kan nínú yín ti bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé a daṣẹ́ sílẹ̀ rí. Òótọ́ ni. Kò tó wákàtí méjì.

Ọjọ́ tí wọ́n bá gbà ọ́ síṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n á gba ojúlówó ìwé-ẹ̀rí rẹ, wọ́n á tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù irin kan ní ọ́fíìsì Mọ́mì. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pe ìyá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ní kí olùkọ́ má baà sá lọ láàárín ọdún ni. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá parí tí o béèrè, wọ́n á ní kí o dúró kí àwọn rí ẹni tí yóò rọ́pò rẹ, títí ọdún mìíràn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mìíràn ní ju ìwé-ẹ̀rí kan lọ, wọ́n sì fi èyí tó kù pamọ́ sílé. Èmi kò lọ kọjá ìwé mẹ́wàá. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo ní, inú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn ló sì wà.

Ní oṣù yẹn, ilé-ìwòsàn kan lẹ́bàá Ríǹgì Róòdù ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú káàdì àwọn aláìsàn. Mo ṣe ìdánwò wọn, mo yege. Obìnrin tó gba ìwé lọ́wọ́ mi wo ọwọ́ ìkọ̀wé mi pẹ́. Ó ní, "Irú yín gan-an la ń wá." Ó ní kí n mú ojúlówó ìwé-ẹ̀rí mi wá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti rẹ̀ mí láti máa pariwo lé ọmọ lórí, ohùn mi kò tilẹ̀ ròkè láti ilẹ̀. Yàrá kan tó kún fún káàdì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà ní ipò rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sì pariwo: mo ti ń rí ara mi níbẹ̀.

Mo bẹ Mọ́mì lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n dá ìwé-ẹ̀rí mi padà fún mi. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àǹtí Àdùkẹ́, ta ni yóò wá máa fa ìlà fún wa?"

Èyí ni Àńkù Délé gbọ́ tó fi wá bá mi lọ́jọ́ Ẹtì náà. Òun ló ń kọ́ àwọn kíláàsì òkè ní ìṣirò. Ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Ẹ bá wa kọ lẹ́tà kan. Lọ́jọ́ Ajé, a ò ní wọ kíláàsì títí wọ́n á fi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn."

Mo ní, "Àwọn wo ló máa fọwọ́ sí i?"

"Gbogbo àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Ẹni tí kò bá fọwọ́ sí i, kó má bá mi jẹun mọ́."

Àǹtí Ràfíà bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa. Ọ̀rẹ́ mi ni, kíláàsì wa fara kan ara wọn, a sì ti ń jẹun ọ̀sán nínú kúlà kan náà fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó ní, "Ìwọ tó jẹ́ pé oúnjẹ tiwa lò ń jẹ! Gbé báírò wá jàre. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ fọwọ́ sí i."

Mo kọ lẹ́tà náà, kò ju ìlà méje lọ. Lábẹ́ rẹ̀ mo fa ibi tí orúkọ yóò wà. Ọwọ́ mi ti mọ́ iṣẹ́ náà, n kò ronú sí i rárá: mo fa àyè orúkọ, mo fa àyè kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo tún fa òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ ìyẹn. Gbogbo wa kọ orúkọ wa, a sì fọwọ́ sí àyè àárín. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ẹ̀kẹta wà fún. Olùkọ́ ni gbogbo wa, bí a ṣe ń rí ìwé ìfọwọ́sí lójoojúmọ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti kọrin òwúrọ̀ wọn tán, a kó wọn wọ kíláàsì, àwa sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi lẹ́tà sórí tábìlì Mọ́mì. Àwọn òbí tó ń já ọmọ wọn sílẹ̀ ní gééètì ń wò wá. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin fi bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìsodipúpọ̀ fúnra wọn. Wọ́n ní méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta!" ni Àńkù Délé kígbe láti orí bẹ́ǹṣì.

Ràfíà ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń daṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn?" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a rẹ́rìn-ín. Ní òwúrọ̀ yẹn, mo gbà gbọ́ pé ìwé-ẹ̀rí mi yóò wà lọ́wọ́ mi kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mọ́mì dé. Wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í pe ẹnikẹ́ni nínú wa ní "ìwọ." Wọ́n wọ ọ́fíìsì, wọ́n jáde pẹ̀lú lẹ́tà náà lọ́wọ́, wọ́n sì kà á lórí ìdúró. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ìka tọ ìlà mi láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìlà yìí gún," ni wọ́n wí. "Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ ṣeun. Ẹ tilẹ̀ ti bá mi fi àyè ìjáde sílẹ̀."

Ìgbà náà ni mo tó rí i.

Wọ́n fa báírò yọ nínú àpò wọn. Wọ́n ní, "N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó bá fẹ́ padà sí kíláàsì rẹ̀, kó fọwọ́ sí ìjáde níbí yìí, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tí kò bá fẹ́, gééètì ṣí sílẹ̀."

Ràfíà ló kọ́kọ́ dìde. Ọ̀fẹ́ ni ọmọbìnrin rẹ̀ ń kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ náà nítorí pé ìyá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Ó gba báírò. Ó ní, "Àdùkẹ́, má wò mí." N kò wò ó. Ìlà ni mo ń wò.

Àwọn tó kù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Àńkù Délé ló fọwọ́ sí i kẹ́yìn. Nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ náà ti mọ́ ọn, ó kọ àkókò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún. Àyè tó kọjú sí orúkọ mi nìkan ló ṣófo.

Mo ní, "Mọ́mì, ìwé-ẹ̀rí mi ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mi. Kò ní bàjẹ́," ni wọ́n fèsì. Wọ́n sì dá lẹ́tà náà padà fún mi. Mo gba gééètì jáde.

Mo lọ bá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìjọba, wọ́n ní a kì í ṣe ara wọn. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mo mú fọ́tòkọ́pì lọ sí ilé-ìwòsàn. Obìnrin náà ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti mú ojúlówó tirẹ̀ wá. Ẹnì kan ní kí n lọ búra ní kóòtù pé ìwé mi sọnù, kí n lè fi ìwé ìbúra náà wá òmíràn. Mo lọ. Akọ̀wé kóòtù ti tẹ̀ ẹ́ tán, ó ku kí n fọwọ́ sí i.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kò sọnù. Mo mọ ibi tó wà."

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Ìyá, ṣé ìwé lẹ fẹ́ ni, àbí òótọ́?"

N kò lè fọwọ́ sí i. Mo wọ mọ́tò padà sílé. Bóyá ìwà òmùgọ̀ ni. Mo ti rò ó títí, n kò mọ̀.

Ibi tí wọn kò ti béèrè ìwé-ẹ̀rí ni mo ti rí iṣẹ́: ṣọ́ọ̀bù kan ní Àgbówó, níbi tí a ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì, tí a sì ń ṣe lámínéètì. Ìwé-ẹ̀rí àwọn ènìyàn ni mo ń fi sínú ọ̀rá láti òwúrọ̀, tí mo ń tò ó kó gún, kí ẹ̀rọ tó gbóná náà tó gbé e mì. Wọ́n ní ọwọ́ mi dára sí i.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni a rí gbà, mo gbọ́ pé wọn kì í jẹ́ kí olùkọ́ fa ìwé ìfọwọ́sí mọ́ níbẹ̀, wọ́n ń ra èyí tí wọ́n ti tẹ ìlà sí ní Dùgbẹ̀. Ìyẹn nìkan ló yí padà. Mo máa ń bi ara mi pé bí ó bá jẹ́ pé àyè ìfọwọ́sí kan ṣoṣo ni mo fà ńkọ́? Mo rò pé Mọ́mì ì bá yí ìwé náà padà, kí wọ́n ní kí a fọwọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. N kò bínú sí Ràfíà. A kì í jẹun pọ̀ mọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù náà ṣì wà, ìwé mi sì wà nínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wá kí n bá òun ṣe lámínéètì rẹ̀. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Mo rí orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lórí rẹ̀. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣe fọ́tòkọ́pì kó mú ìyẹn lọ fún wọn. Ó ní ojúlówó ni wọ́n fẹ́. Mo fà á jókòó, mo sọ gbogbo èyí tí mo kọ síhìn-ín fún un, mi ò fi ìkankan pamọ́. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa títí mo fi parí, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Lẹ́yìn náà ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wá wo ẹ̀rọ náà.

"Mà," ó ní, "ṣé ó ti gbóná?"