Omi Atalẹ̀ fún Ẹsẹ̀ Àbúrò Mi

Lánàá, nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Downtown, obìnrin kan ṣí fúláàsì tíì atalẹ̀, mo bá tún di ọmọ ọdún méje tó ń jowú.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, nílé wa ní Riverdale. Oníṣègùn ará Ṣáínà kan ti sọ fún Mọ́mì pé iná inú ara àbúrò mi ti lọ sílẹ̀, ló fi máa ń tutù. Kò gbọdọ̀ mu omi yìnyín mọ́. Ọbẹ̀ ẹran àgùntàn gbígbóná ni kó máa mu, kó sì máa ki ẹsẹ̀ bọ omi atalẹ̀.

Mọ́mì kúnlẹ̀, wọ́n ń wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi náà. Inú abọ́ ọbẹ̀ àbúrò mi ni ẹran tó tóbi jù wà, bẹ́ẹ̀ èmi ni àkọ́bí! Mo yọ́ lọ sí kíṣìnnì, mo ki ẹsẹ̀ bọ inú kúlà yìnyín títí ó fi kú tipiri.

“Mọ́mì, ẹ fọwọ́ kàn mí. Èmi náà ti tutù.”

Ọrùn mi ni wọ́n fọwọ́ kàn. “Ìwọ kẹ̀? Iná tìẹ ń jó dáadáa. Lọ wọ ìbọ̀sẹ̀ ẹ, jàre.”

Mi ò mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀rù àìlera àbúrò mi ló mú wọn kúnlẹ̀, àti pé ọkàn wọn balẹ̀ lórí tèmi.

Àbúrò mi ti di ìyá ọlọ́mọ méjì, ara rẹ̀ le koko. Síbẹ̀, bí mo bá ti gbóòórùn atalẹ̀, ẹsẹ̀ mi á tutù.