Ẹṣin Kan Tó Ṣẹ́kù

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Bàbá Tọ́bò lójú wa, ìtàn tí a kọ́kọ́ máa ń sọ ni ti ọjọ́ tó bá ẹ̀rọ dúnàádúrà.

Ẹ̀rọ ọ̀hún wà ní ìsọ̀ ọkùnrin kan tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Onímáṣìnì. Ẹ̀rọ náà la fi ń díwọ̀n agbára mọ́tò. Wọ́n á gbé táyà mọ́tò lé orí irin róbótó méjì tó ń yí, awakọ̀ á tẹ iná mọ́lẹ̀ pátápátá, kọ̀ǹpútà á sì sọ iye ẹṣin tí agbára ẹ́ńjìnnì náà tó. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mọ́tò pupa Bàbá Tọ́bò bú ramúramù, páànù òrùlé ń gbọ̀n, àwọn òǹwòran fi ìka di etí. Kọ̀ǹpútà kọ ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin ó dín ẹyọ kan.

Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó wo kọ̀ǹpútà náà tòkètilẹ̀.

“Gbé e sí ọ̀ọ́dúnrún.”

“Bàbá, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ẹ̀rọ ni.”

“Bá a sọ̀rọ̀. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ná owó níbí. Ẹyọ ẹṣin kan ṣoṣo, ẹ ò lè fi ṣe ènì fún mi?”

Onímáṣìnì ní ẹ̀rọ òun kì í fún ènìyàn ní ènì. Ẹlòmíràn ì bá fajú ro. Bàbá dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní olè ni ẹ̀rọ náà, ó sì ń súfèé lọ sílé bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Ó yẹ kí súfèé yẹn ti fu wá lára.

Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Tọ́bò ni abẹ̀bẹ̀ onírin kékeré tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń yí, tó ń ki afẹ́fẹ́ bọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu kí agbára rẹ̀ lè pọ̀ sí i. Nígbà tó ra mọ́tò náà lọ́wọ́ tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọgọ́fà ẹṣin péré ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ti sùn lọ.

Bàbá pààrọ̀ tọ́bò rẹ̀ sí èyí tó tóbi ju orí ọmọdé lọ, ó sì tún ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde ṣe. Ọjọ́ tó tú tọ́bò àtijọ́ sórí tábìlì oúnjẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ọbẹ̀, ni ìyàwó rẹ̀ béèrè ìgbà tí wàhálà yìí yóò parí. Ó búra níṣojú ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo pé, lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá kọ ọ̀ọ́dúnrún, òun yóò ti ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé pa, òun kò ní fọwọ́ kan sípánà mọ́, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni òun yóò sì ti máa jókòó tì í ní gbogbo ọ̀sán. Ìyàwó rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sára kàlẹ́ńdà, nítorí ó mọ ẹni tó fẹ́.

Etí ni Bàbá fi ń ṣiṣẹ́. Yóò fi ẹnu súkúrúdíráfà gígùn kan gún ara ẹ́ńjìnnì, yóò fi ìdí rẹ̀ ti etí, yóò sì máa mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ti wá di ẹ́ńjìníà, gbé kọ̀ǹpútà wá lọ́jọ́ kan, ó sì fi hàn án pé epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì náà ti pọ̀ jù. Bàbá rẹ́rìn-ín.

“Kọ̀ǹpútà rẹ gbọ́ ohun tí ẹ́ńjìnnì wí. Èmi gbọ́ ohun tó fẹ́ wí.”

Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò náà tu èéfín dúdú sórí aṣọ funfun tí ìyá kan sá ní ilé kejì. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò mọ́. Ó dá a padà tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀, ó ní kí ìyá náà má bínú, pé funfun kì í tilẹ̀ bá àwọ̀ rẹ̀ mu tẹ́lẹ̀.

Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó sí nínú mọ́tò náà. Nígbà tí Onímáṣìnì bẹ̀ ẹ́ pé kí òun fúnra òun tẹ iná wò, Bàbá dáhùn pé ẹsẹ̀ ọkùnrin náà kò ní ìwà ọmọlúwàbí.

Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tó bá ẹ̀rọ dúnàádúrà ni ìyàwó rẹ̀ rí i pé gìgísẹ̀ sálúbàtà rọ́bà aláwọ̀ ewé rẹ̀ ti gé lọ. Gbogbo ojú yí sí ajá aládùúgbò. Bàbá ló bá ìyàwó rẹ̀ lọ fẹjọ́ sùn. Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan lórí ẹ̀kọ́ ilé fún ajá, ó sì gba sálúbàtà tuntun bọ̀.

Ọdún mẹ́fà kọjá. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń lọ sí ìsọ̀ Onímáṣìnì, lọ́dọọdún ni ẹṣin kan tàbí méjì ń kù kí ó tó pé ọ̀ọ́dúnrún. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ sú ìyàwó rẹ̀ láti dá jókòó sí, ló bá gbé àga lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kìíní, ó lọ ṣọ́ ọkọ rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kejì, ó bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Kí ọdún tó yí po, bí Bàbá bá na ọwọ́ sẹ́yìn láìwí nǹkan kan, sípánà tó fẹ́ gan-an ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́, pẹ̀lú èébú díẹ̀. Gbogbo ọ̀sán la ń gbọ́ ìjà àti ẹ̀rín wọn. Bí a bá sì gbúròó pé wọ́n ti ìsọ̀ Onímáṣìnì dé, ohùn Bàbá la máa ń gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀: “Ìyá wọn, ẹṣin kan ṣì kù. Gbé àga rẹ.”

Ó sùn lálẹ́ ọjọ́ kan, kò jí mọ́. Àbàwọ́n ọ́ìlì ṣì wà lára awò ojú rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọmọbìnrin rẹ̀ pinnu láti bá a wá ẹṣin tó kù, kí ìlérí náà lè ṣẹ, kí ìyá òun sì lè ti ṣẹ́ẹ̀dì pa pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀. Ó ń gbá inú mọ́tò ló bá ká kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ awakọ̀ sókè. Rọ́bà aláwọ̀ ewé kan wà níbẹ̀, ó nípọn tó àtàǹpàkò, wọ́n fi góòmù lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ibi tí a ti ń tẹ iná. Láti ọdún mẹ́fà, iná mọ́tò náà kò dé ilẹ̀ rí. Gbogbo wa ti yẹ ẹ́ńjìnnì wò. Kò sí ẹni tó wo ilẹ̀.

Ó yọ ọ́, ó gbé ìyá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì wa mọ́tò lọ sí ìsọ̀ Onímáṣìnì. Kọ̀ǹpútà kọ ọ̀ọ́dúnrún ẹṣin ó lé mọ́kànlá.

Onímáṣìnì rọra jókòó sórí táyà. “Ọdún mẹ́fà ni Bàbá fi pe ẹ̀rọ mi lólè,” ló wí. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń nu ojú, kò sì tètè nu ún tán.

Ọmọbìnrin náà ní etí bàbá òun ló ti sọ fún un pé yóò pé, kí ẹ̀rọ tó mọ̀. Ìyá rẹ̀ ń yí rọ́bà náà lọ́wọ́.

“Bàtà mi rèé. A sì lọ bá ajá alájá jà.”

“Màmá, ó ti pé, ó tilẹ̀ lé. Ẹ lè ti ṣẹ́ẹ̀dì pa báyìí.”

Ìyá náà wo iye tó wà lójú kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó na rọ́bà náà sí ọmọ rẹ̀.

“Lẹ̀ ẹ́ padà síbi tó wà. Ẹṣin kan ṣì kù. Bí o bá ń bọ̀ lọ́sàn-án ọ̀la, gbé àga tìrẹ dání.”