Àga Kẹta Tí Wọn Ò Fún Olúṣínà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìmọ̀ àti òótọ́ ni wọ́n fi ń yan adájọ́, ẹ bi í bóyá ó ti ṣe akọ̀wé kóòtù rí. Èmi ti ṣe é. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó nídìí tábìlì, ní ìlú kan ní ilẹ̀ Okun tí kò jìnnà sí Kàbà. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, torí àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ṣì wà láyé, wọ́n ń jẹ iyán, wọ́n ń gba ìkíni. Olúṣínà ló ti kú, òun ni mo sì fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀.

Àgbẹ̀ oníṣu ni. Kò mọ̀wé. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, àbúrò rẹ̀ sì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí. Tí ọdún bá dé, inú àwo kan náà ni wọ́n ti ń jẹ ẹran. Ó wà lára àwọn àgbà tó ń dájọ́ ní kóòtù kékeré abúlé rẹ̀, kò sì sí ẹjọ́ ilẹ̀ tó dá lórí ìjókòó rí. Tí ẹlẹ́jọ́ méjì bá ti rojọ́ tán, á dìde, á ní, “Ẹ jẹ́ ká dé bẹ̀.” Tó bá dé orí ilẹ̀, á ní kí àwọn méjèèjì máa lọ níwájú, kí wọ́n rin ààlà náà yípo. Òun á tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, kò ní sọ nǹkan kan. Ó máa ń sọ fún mi pé ẹni tó ni ilẹ̀ kì í wá ààlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń mú un lọ. Èké á dé igun kan, á dúró, á máa wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń parí.

Ní ọdún 1956, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta kóòtù àgbà wa kú. Kóòtù yìí ló ga jù fún gbogbo abúlé wa. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn lè kọ ìwé sí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, ṣùgbọ́n tálákà wo ló ń kọ ìwé sí òyìnbó? Ohun tí kóòtù àgbà bá ti sọ, abẹ gé e nìyẹn.

Ẹjọ́ kan sì wà nílẹ̀ tó ń dúró de adájọ́ kẹta. Abigail ló pè é, opó kan tó ní ọmọ mẹ́rin. Ọkọ rẹ̀ ló yá John ní ilẹ̀ etí odò láti fi gbin iṣu. Gbogbo ọmọ ilẹ̀ wa ló mọ̀ pé ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin iṣu, ó lè gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi ń sọ pé òun ló ni ibẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ sàréè ọkọ Abigail kò tíì gbẹ tí John fi fi kọfí kún ilẹ̀ náà. Kóòtù kékeré àdúgbò John dá a láre, Abigail sì gbé ẹjọ́ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Nínú àwọn adájọ́ méjì tó kù, ọ̀kan ń ti Abigail lẹ́yìn, ọ̀kan ń ti John. Ẹni tó bá jókòó sórí àga kẹta ni yóò sọ ibi tí àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn yóò ti máa jẹun.

Àwọn àgbà ìlú pàdé, wọ́n fi ohùn kan mú Olúṣínà. Inú mi dùn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, bí ẹni pé ọmọ àná ni mí.

Ìbò ń bọ̀ lọ́dún náà, àwọn kánsẹ́lọ̀ ló sì ń fọwọ́ sí ẹni tí àwọn àgbà bá mú. Philip, kánsẹ́lọ̀ ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba, wá sí oko Olúṣínà. Èmi náà wà níbẹ̀, mo lọ ra iṣu. Ó kí i ní ìkíni ilẹ̀ wa, ó sì yọ káàdì ẹgbẹ́ jáde.

“Bàbá, Okun o. Ẹ kàn gba èyí, àga ti di tiyín. A ò ní kí ẹ ṣe nǹkan kan.”

Olúṣínà nu ọwọ́ rẹ̀. “Okun, ọmọ mi. Bí kò bá sí nǹkan kan tí ẹ fẹ́ kí n ṣe, kí ni káàdì wà fún?”

“Ká lè mọ̀ pé ara wa ni yín.”

“Ẹni tí kì í ṣe ara yín ńkọ́, tó bá gbé ẹjọ́ wá?”

Philip rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá fẹ́ràn àwàdà. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ kejì náà dé. Ìbítóyè tíṣà ló ṣáájú wọn, ó ń sọ̀rọ̀ òmìnira àti ẹ̀tọ́ mẹ̀kúnnù. Káàdì ló wà lápò òun náà. Olúṣínà ní, “Ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo, ì báà ṣe dòdò tiyín ni.” Wọ́n bínú lọ. Àwọn tó yẹ kó gbèjà rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé agídí rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí ni Abigail wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ gba káàdì náà, Bàbá. Ìwé lásán ni. Ẹ jókòó, kí ẹ rin ilẹ̀ mi, lẹ́yìn náà kí ẹ fi dáná.”

“Bí mo bá gbà á, Abigail, ayé á ní ẹgbẹ́ ló fún ọ nílẹ̀. Lọ́dún tí ẹgbẹ́ bá yí, wọ́n á gbà á padà.”

“Ẹ jẹ́ kó di ọdún yẹn ná.”

Ó mi orí. Kò gbà.

Ọ̀sẹ̀ méjì kò pé, wọ́n fi Babátọ́pẹ́ sórí àga. Ọlọ́kọ̀ akẹ́rù ni, kò parí ìjà ọmọdé rí láyé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ ló ń kó èrò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́, John sì ni alága ẹgbẹ́ náà ní àdúgbò rẹ̀. Wọ́n pe irú èyí ní yíyan adájọ́! Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, Abigail bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá rin ilẹ̀ náà. Babátọ́pẹ́ wo bàtà ara rẹ̀, ó ní òjò ti rọ̀. Ó kọjú sí John.

“Ta ló gbin kọfí?”

“Èmi ni.”

“Ó tán. Ẹni tó gbin igi ló ni ilẹ̀. Akọ̀wé, kọ ọ́.”

Ọmọ ilẹ̀ wa ni Babátọ́pẹ́. Kò sí ohun tí kò mọ̀ nípa igi àti ilẹ̀ yíyá. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì dorí rẹ̀ kodò níṣojú gbogbo wa. Mo ki gègé bọ yíǹkì, mo sì kọ ọ́.

Nígbà tí a jáde, Olúṣínà wà lábẹ́ igi níwájú kóòtù, ó ti wá gbọ́ bó ṣe lọ. Ó ní, “Abigail, má bínú. Mi ò lè fi ọwọ́ ìdọ̀tí dájọ́.”

Obìnrin náà dúró, ó wò ó dáadáa. Kò pariwo.

“Ọwọ́ yín mọ́, Bàbá. Ilẹ̀ tèmi ni ẹ fi fọ̀ ọ́.”

Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ. Olúṣínà yíjú sí mi bí ẹni tó fẹ́ kí n bá òun sọ nǹkan kan. Yíǹkì ìdájọ́ náà ṣì wà ní ìka mi, mo sì ki ọwọ́ bọ àpò.