Òwúrọ̀ Ọyẹ́ Tí Máṣíìnì Kọ̀ Tí Kò Jí

Ẹ wò ó, ẹni tí kò bá tíì lo ọyẹ́ ní Ṣakí, kó má bá mi jiyàn òtútù. Èmi tí wọ́n bí sí Otu, tí mo lọ́kọ sí Ṣakí, tí mo ń ránṣọ níbẹ̀, kò tíì mọ́ mi lára dòní. Tó bá di ìdájí, omi inú garawa á máa ta èèyàn lọ́wọ́, ètè á bó, èèyàn ò ní lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Máṣíìnì tí ọkọ mi ń gùn ò tilẹ̀ fẹ́ rí òtútù rárá. Gbogbo alẹ́ ni ọkọ mi máa ń fi àpò ìrẹsì bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ẹni da aṣọ bo ọmọ, síbẹ̀, tílẹ̀ bá mọ́, àfi kó ta kíìkì títí kó tó jí. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó kúkú máa pọ̀n ọ́n sùn.

Ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsùbáà tán ni àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti Otu. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Bàbá wa ń gbé.

"Àǹtí mi, ẹ máa bọ̀ kíá. Ara Bàbá ò yá. Wọ́n ń bèèrè yín, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ kí ni? Gbé fóònù fún wọn."

"Wọn ò lè gbé e. Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Fóònù já. Mo pè é padà, kò lọ. Mo tún pè é, obìnrin inú fóònù ní wọ́n ti pa fóònù náà. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá la jọ sọ̀rọ̀, tí Bàbá bú mi pé mi ò wálé mọ́, tí ohùn wọn sì ń dún ketekete. Kí ló dé lójijì? Kí ni wọ́n fẹ́ sọ tí kò lè dúró dọ̀la? Mo ti jáde dé ojúde kí n tó rí i pé mo wọ bùbá sódì.

"Bàbá Ìbejì, ẹ tètè, ẹ jẹ́ ká máa lọ!"

Ọkọ mi ti wà lórí máṣíìnì. Ó fa ṣóòkù, ó ta kíìkì. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ó tún ta á, ó tún ta á, kò fèsì mọ́. Nídàájí ọyẹ́ báyẹn, ọlọ́kadà kankan ò tíì jáde, ọkọ̀ Otu ò sì ní í kún ní gáréèjì àfi toòrùn bá yọ. Máṣíìnì yìí náà la ní. Mo dúró tì í, mò ń bẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó létí.

Mẹkáníìkì tó ń gbé yàrá ìta gbọ́ ariwo kíìkì, ó jáde, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora dé orí. Ó ní ṣóòkù tí ọkọ mi fà ti pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì ti mu epo yó. Ọkọ mi ní irọ́ ni, epo ò tilẹ̀ tíì dé ibẹ̀. Èkíní ti ṣóòkù padà, èkejì tún fà á. Nígbà tó ṣe, inú bí mi.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé máṣíìnì lẹ fẹ́ jí ni, àbí ẹ fẹ́ mọ ẹni tó gbọ́n jù?"

Mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín, ètè rẹ̀ ya. Ó tú pílọ́ọ̀gì, ó fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀, ó ní kí n lọ mú iṣáná wá kóun fi iná mú un gbóná. "Tó bá ti gbóná, Ìyá Ìbejì, kíìkì kan péré ni. Ẹ ó ti máa lọ." Mo sáré wọlé.

Ìgbà tí mo fi máa wá iṣáná rí lẹ́yìn ààrò, nǹkan ti yí padà níta. Alájà onílé wa, tó ti gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ti jáde tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n fa ọkọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mẹkáníìkì sì na etí sí wọn. Bí wọ́n ṣe rí mi, gbogbo wọn dákẹ́.

Mo na iṣáná sí mẹkáníìkì. Kò gbà á. Ó wo ọkọ mi, ọkọ mi wolẹ̀. Ó dá pílọ́ọ̀gì padà sáyè rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láì mú un gbóná, ó nu ọwọ́.

"Ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ díẹ̀, Ìyá Ìbejì. Tó bá yá oòrùn, á jí fúnra rẹ̀."

"Oòrùn bíi ti báwo? Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kíìkì kan?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi bùláńkẹ́ẹ̀tì nu ojú. Mo yíjú sí ọkọ mi. Ọkọ mi tó ti ń làágùn nínú ọyẹ́ torí kíìkì, òun náà ní, "Sinmi ná. Ọ̀nà ò dáa, ọyẹ́ bo ojú títì, ká má lọ ṣubú." Ẹ̀ẹ̀mélòó la ti gba ọ̀nà yẹn nínú ọyẹ́! Mi ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́. Alájà dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Wá jókòó, ọmọ mi. Wá fi ẹ̀kọ gbígbóná yìí panu."

Ọmọ mi kẹ̀! Alájà tó jẹ́ pé lánàá gan-an ni wọ́n bú mi bí ẹni tó fẹ́ lù mí nítorí èérún aṣọ tí atẹ́gùn fẹ́ sínú omi wọn. Ìgbà wo ni mo dọmọ wọn? Mo jókòó ṣá. Mo ń wo ojú ọ̀kan, mò ń wo ojú èkejì, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin.

Ẹ̀kọ yẹn ni mò ń mu lọ́wọ́ tó fi yé mi. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í pe èèyàn lórí fóònù ká ní bàbá rẹ ti kú. A ó ní ara wọn ò yá, a ó ní wọ́n ń bèèrè rẹ, kó má baà dákú sójú ọ̀nà. Tó bá dé ìloro tó rí èrò níjòókòó, á mọ̀ fúnra rẹ̀. Fóònù náà, a ó pa á, kó má baà da ìbéèrè boni. Èmi náà ti ṣe é rí. Ẹnu mi yìí ni mo fi pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé ìyá wọn ń bèèrè wọn, ìyá tí a ti wẹ̀ tán.

Mo bú sẹ́kún. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé, ìyẹn ló sì wá jẹ́ kó dá mi lójú.

Alájà ní kí n fara balẹ̀, wọn ò ní í sin Bàbá kí wọ́n tó kírun Àílà. Kí la tún wá ń sáré sí? Mo lọ gbé omi kaná, mo wẹ̀ dáadáa. Mo wọ aṣọ tó yẹ ilé òkú, mo wé ìbòrí funfun, mo di ẹrù tó máa gbé mi dé ọjọ́ fìdáù kẹjọ. Mo jí àwọn ìbejì, mo fà wọ́n lé Alájà lọ́wọ́. Ọkọ mi ti máṣíìnì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí oòrùn ti kọ́kọ́ ń bà, òun àti mẹkáníìkì jókòó tì í, wọn ò fọwọ́ kàn án. A jọ ń dúró de oòrùn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, ọkọ mi ta kíìkì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó jí. Mo bínú sí máṣíìnì yẹn, mi ò sì lè sọ ohun tó ṣe mí.

Gbogbo ọ̀nà ni mo fi sunkún sí ọkọ mi lẹ́yìn. Mò ń rò ó bóyá wọ́n á jẹ́ kí n rí ojú Bàbá kí wọ́n tó dì wọ́n. Ọkọ mi kàn ń na ọwọ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á fi kàn mí lórúnkún.

A dé Otu, kò sẹ́ni níjòókòó ní ìloro. Kò sí àáfà, kò sí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún àlejò. Ó tún rú mi lójú. Àbúrò mi yọ láti ìyẹ̀wù, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Àǹtí mi, kí lẹ dúró ṣe? Ṣebí mo ní kíá!"

"Ṣé ẹ ti gbé wọn lọ ni?"

"Ká gbé ta ni lọ?"

Mo tì í kúrò lọ́nà, mo wọlé. Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé ìkòkò iná sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ wọn. Ojú wọn là sílẹ̀. Àyà wọn ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀. Mo pariwo, "Bàbá! Bàbá, èmi nìyí!" Wọ́n yí ojú sí mi. Ẹnu wọn ń mì, ohùn ò jáde.

Àbúrò mi ní látìgbà tóun ti pè mí ni wọ́n ti ń dárúkọ mi, pé ṣé mo ti ń bọ̀, pé níbo ni mo dé báyìí. Ó ní fóònù òun ló kú, láti ọjọ́ mẹ́ta kò síná ládùúgbò. Ó ní nígbà tí oòrùn gòkè ni ohùn wọn lọ, kò sì tíì pẹ́.

"Kí ni wọ́n fẹ́ sọ?"

"Wọn ò sọ fún mi o. Wọ́n ní ẹ̀yin làwọn máa sọ fún."

Títí dòní, mi ò mọ̀ ọ́n.

Mo kúnlẹ̀, mo di ọwọ́ wọn mú. Wọ́n ń wò mí láti orí ìbòrí funfun títí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì tún gbójú padà sí ojú mi, bí ẹni tó ń retí èsì. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò lè wọlé.

"Máṣíìnì ni ò tètè jí, Bàbá," ni mo wí.