Ìwé Àṣẹ Láti Pa Ẹfọ̀n Kan

Ẹni tó bá mọ Ìdòwú ọdẹ ní Bẹsẹ́, lẹ́bàá Ṣábẹ̀, kò ní pè é ní aláròyé. Ó lè bá ọ jókòó láti òwúrọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán yóò fi jinná, kí ó má sọ ju "ẹ̀n" méjì lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń la ẹnu rẹ̀: kí o bi í pé níbo ni ìdílé wọn ti wá. Ìgbà náà ni yóò na ọrùn, yóò tẹ fìlà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì bẹ̀rẹ̀: "Àwa ọmọ Ìgbòho, ọmọ ọdẹ tó la odò Ọ̀pàrà kọjá tómi ò kan ẹ̀tù rẹ̀..." Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí olè bá fẹ́ gbé òun lọ, kó ṣáà ti bi ọkọ òun ní orílẹ̀ kó tó sá. Kí ó tó ké e tán, olè ti dé ìlú Sakin.

Bẹ́ẹ̀ Ìdòwú kò fojú kan Ìgbòho rí. Baba ńlá rẹ̀ ló sá ogun kúrò níbẹ̀. Bẹsẹ́ ni wọ́n bí Ìdòwú sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí baba rẹ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ibojì gbogbo wọn wà. Ṣùgbọ́n èwo nínú wa ni wọ́n máa bi níbi tó ti wá, tí yóò dárúkọ ibi tó sùn mọ́jú? Orísun là ń sọ. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ní ọdún kẹta òmìnira Dàhòmẹ̀ ni Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kú. Ìyá kan náà ló bí wọn, Kẹ́hìndé ló sì kọ́ ọ ní ìbọn yíyìn. Ẹfọ̀n mẹ́rin ni Kẹ́hìndé pa láyé rẹ̀. Nínú ìdílé wọn, ẹni tó bá ti pa ẹfọ̀n rí, wọn kì í fi ẹran kékeré ṣe ìpà rẹ̀. Ìpà yìí ni ètùtù tí àwọn ọdẹ fi ń tú òkú ọdẹ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wọn, kí ó lè lọ bá àwọn baba rẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe é, inú igbó ni yóò máa rìn kiri, tí yóò máa da ìbọn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rú. Ọmọ ìyá òkú ló gbọ́dọ̀ pa ẹfọ̀n náà. Òun náà ló gbọ́dọ̀ ké orílẹ̀ wọn sí i létí nígbẹ̀yìn, kí ó lè mọ ọ̀nà ilé. Ọmọ ìyá wo ló sì kù bí kò ṣe Ìdòwú?

Láyé àtijọ́, ìbọn àti ẹ̀tù ló gbà. Ṣùgbọ́n ìjọba tuntun ti kó àwọn aṣọ́gbó dé. Ọmọ wa ni wọ́n, àmọ́ kakí tí òyìnbó bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n wọ̀, ìwà òyìnbó sì wà nínú àpò kakí náà. Wọ́n gba ìbọn ọdẹ méjì ní Sakin nítorí ìgalà kan péré. Àlàbí tó jẹ́ olúọdẹ wá pe Ìdòwú jókòó.

"Lọ gba pẹ̀míì, ìwé àṣẹ wọn yẹn, àbúrò mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n wá kó wa nídìí ìpà."

Bí Ìdòwú ṣe gbé ìbọn ṣakabùlà rẹ̀ kọ́ èjìká nìyẹn, tó fẹsẹ̀ rìn dé bírò, ilé iṣẹ́ àwọn aṣọ́gbó ní Ṣábẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní Mìsé Théophile, bí wọ́n ti ń pe ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, ọmọ Kpobẹ̀, ló wà nídìí tábìlì. Ó kí i ní èdè wa, ó gbé àga fún un. Inú Ìdòwú dùn. Akọ̀wé náà bi í ní orúkọ, ó dáhùn. Ó bi í ní ọjọ́ orí, ó ní ọdún tí eṣú jẹ oko àwọn ni wọ́n bí òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà mí kanlẹ̀, ó kọ nǹkan kan.

"Bàbá, níbo lẹ ti wá?"

Háà! Ìdòwú na ọrùn. Ó tẹ fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kó Ìgbòho sílẹ̀ níwájú akọ̀wé láti orí dé ìdí, Théophile sì ń kọ ọ́ wàràwàrà. Bó ṣe ń kọ ọ́ ni Ìdòwú ń wò ó tìfẹ́tìfẹ́, tó ń rò ó pé ọmọ yìí gba ẹ̀kọ́ ilé, tó fi ń kọ orílẹ̀ àwọn sínú ìwé ìjọba. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Nígbà tó padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé ti ti Kùtọnù dé. Nítorí òdìkejì ẹnubodè ni Ìgbòho wà, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n kọ síbẹ̀, àlejò tí kì í gbé Dàhòmẹ̀, tó fẹ́ wá pa ẹran ńlá. Wọ́n tò ó mọ́ àwọn òyìnbó tó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá yìnbọn. Kó tó gba àṣẹ, ó gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà wá, kó mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ aṣojú ìlú rẹ̀, kó sì gba ọmọ ìbílẹ̀ kan tí yóò máa fi ọ̀nà igbó hàn án.

"Ta ni yóò fi ọ̀nà hàn mí?"

"Ọmọ ìbílẹ̀, Bàbá. Òfin ni."

"Nínú igbó Ọ̀pàrà?"

Ibi tí wọ́n dé nìyẹn tí òyìnbó kan, Mìsé Marcel, fi wọlé, tí eruku ọkọ̀ ojú irin ṣì wà lára bàtà rẹ̀. Ìwé tirẹ̀ pé. Kí ó tó mu omi tí wọ́n bù fún un tán, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ fún un: ẹfọ̀n méjì. Ó ku ẹni tí yóò mú un wọgbó. Théophile nawọ́ sí Ìdòwú.

"Kò sẹ́ni tó mọ igbó yẹn ju bàbá yìí lọ."

"Èmi kẹ̀?" ni Ìdòwú wí. "Àlejò ni mí."

Inú bí Ìdòwú lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n inú bíbí kì í pa ẹfọ̀n. Nígbà tí òyìnbó lọ tán, ó bẹ akọ̀wé náà pé kó bá òun tún un ṣe. Théophile ti ilẹ̀kùn. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

"Bàbá tèmi náà, láràárọ̀ ni wọ́n ń ké orílẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Kpobẹ̀," ló wí. "Ṣé ẹ rò pé mo sọ ọ́ fún àwọn tó gbà mí síṣẹ́? Ohun tó kù báyìí ni kí ẹ búra pé irọ́ ni ti Ìgbòho. Màá kọ ọ́, ẹ ó tẹ̀ka sí i."

Ó kọ ọ́. Ìdòwú ti na àtàǹpàkò kí akọ̀wé tó tún sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin ọdẹ lè tẹ̀ka sórí ìwé lónìí, kí ẹ sẹ́ lọ́la, èmi ni wọn yóò sì lé. Ìbọn yín wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fẹnu kan irin."

Òyìnbó ò mọ èyí. Àwọn ará Kùtọnù tó ṣòfin ò béèrè rẹ̀ rárá. Ọmọ wa ló mọ̀ ọ́n, ọmọ tí wọ́n fi èdè wa tọ́, tó mọ̀ pé ọdẹ lè fi ìwé ṣeré, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi Ògún ṣeré. Orí mi gbóná nígbàkígbà tí mo bá dé ibí yìí.

Ìdòwú wo ìbọn náà. Kẹ́hìndé ló rà á fún un. Ó rò ó pé nítorí Kẹ́hìndé náà ni, Kẹ́hìndé yóò sì dárí jì í. Ó fẹnu kan irin, ó ní: "Èmi Ìdòwú, àwa kì í ṣe ọmọ Ìgbòho. A ò nílé kankan lẹ́yìn Ṣábẹ̀." Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ka.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ó gba ìwé àṣẹ ọmọ ìbílẹ̀, ẹfọ̀n kan. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó pa á létí Ọ̀pàrà, ọta kan péré. Bẹsẹ́ hó yèè. Àṣàbí jó títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀.

Wọ́n ṣe ìpà náà ní ìkóríta ọ̀nà oko, nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n gbé gbérí, ẹ̀wù ọdẹ Kẹ́hìndé, kalẹ̀, pẹ̀lú àpò rẹ̀, fìlà rẹ̀ àti orí ẹfọ̀n. Wọ́n to ìbọn gbogbo wọn tì í. Wọ́n sun ìrèmọ̀jé títí ó fi ku ohun kan. Àlàbí yíjú sí Ìdòwú.

"Pe ẹ̀gbọ́n rẹ kó máa lọ."

Ìdòwú bọ́ síwájú. Ó na ọrùn, ó la ẹnu. Ìbọn rẹ̀ wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì lọ síbi tí ètè rẹ̀ ti kàn án. Ó pa ẹnu dé. Ó tún là á, òógùn bò ó. Ó ti fi irin yìí búra pé kò síbi tí ń jẹ́ Ìgbòho fún àwọn. Bó bá pè é báyìí, Ògún ni yóò bi í léèrè. Bí kò bá pè é, Kẹ́hìndé kò ní mọ̀nà. Àwọn ọdẹ ń dúró. Àwọn kan rò pé ẹkún ló fẹ́ sun.

"Kẹ́hìndé," ló wí nígbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ kò sì dé ẹ̀yìn ìbọn. "Kẹ́hìndé, ọmọ Ṣábẹ̀, máa lọ."

Àlàbí wò ó, ó wo gbérí tó wà nílẹ̀, ó tún padà wò ó.

"Kó máa lọ síbo?"

Ìdòwú tẹjú mọ́ ìbọn rẹ̀ nílẹ̀. Ìwé náà wà nínú àpò rẹ̀, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀ mọ́.